Bátìrì Ọkọ̀ Tí A Fi Sílẹ̀ Nínú Òtútù

Àsìkò tí àwọn ènìyàn wa máa ń lọ sílé ti tún dé. Ẹlòmíràn ń lọ sin òbí rẹ̀, ẹlòmíràn ń lọ gbé ìyàwó, ẹlòmíràn kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ rí ìyá àgbà kí ó tó pẹ́ jù. Tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀, ẹrù ti wúwo ju ohun tí ọkọ̀ òfurufú fẹ́ gbà lọ, gbogbo ilé ló ń sáré. Nínú gbogbo eré yìí, ohun kan wà tí a kì í sábà rántí: ọkọ̀ tí a máa fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti bátìrì tó wà nínú rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, kí ló kan àwa oníṣirò owó nínú ọ̀rọ̀ bátìrì? Ó kàn wá, nítorí ọ̀rọ̀ bátìrì kò ju ọ̀rọ̀ owó tó ń wọlé àti owó tó ń jáde lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ ná. Àwọn ìyá ìyá yín tó ń tajà nílé máa ń dá àjọ. Alájọ á máa wá lójoojúmọ́, wọ́n á fún un ní díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ tí wọ́n á fi kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì ọkọ̀ dà bí àpò àjọ yẹn. Nígbà tí bàbá yín bá yí kọ́kọ́rọ́ tàbí tó tẹ bọ́tìnnì, agbára ńlá ló ń kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti fi gbé ẹ́ńjìnnì dìde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbéra, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní alternator á bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń rìn. A ń kó lójoojúmọ́, a ń san lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rántí pé àpò kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ti dúró, ẹni tó ń san kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń jẹ kò lọ. Aago inú ọkọ̀ ń jẹ. Ẹ̀rọ tó ń pariwo bí olè bá dé ń jẹ. Kọ̀ǹpútà kéékèèké inú ọkọ̀ ń jẹ. Èyí tó ń tẹ́tí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru fún kọ́kọ́rọ́ inú àpò yín náà ń jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ mú bírò. Ọkọ̀ òde òní tí kò ní àléébù kankan lè máa jẹ nǹkan bí 20 sí 50 milliamp nígbà tó bá ń sùn. Ẹ jẹ́ ká mú 50. Láàrin wákàtí 24, ìyẹn jẹ́ 1.2 ampere-hour. Ọ̀sẹ̀ 6 jẹ́ ọjọ́ 42, 1.2 lọ́nà 42 jẹ́ 50.4. Bátìrì ọkọ̀ kékeré sì rèé, bó bá jẹ́ tuntun tó sì kún, nǹkan bí 50 sí 70 ló ń gbà. Àpò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbófo nìyẹn. Kódà bó bá jẹ́ 25 milliamp péré ló ń jẹ, 25.2 á ti lọ, ìyẹn sì tó ìdajì nínú bátìrì kékeré. Kò sí olè, kò sí àjẹ́, kò sí aládùúgbò tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìṣirò lásán ni.

Òtútù wá ń ṣe tirẹ̀. Inú bátìrì pín sí yàrá mẹ́fà. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn pẹlẹbẹ òjé wà nínú omi tí wọ́n pò mọ́ ásíìdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú nǹkan bí volt 2.1 wá. Ará Faransé kan, Gaston Planté, ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ọdún 1859, ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ títí di òní. Bí òtútù bá mú, iṣẹ́ inú omi yẹn á máa falẹ̀. Ní dígírì 18 lábẹ́ òdo, bátìrì tó kún lè má fúnni ju nǹkan bí ìdajì ohun tó ń fúnni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ní àkókò kan náà, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì á ki bí ẹ̀kọ mímu tó ti tutù, á wá máa béèrè agbára púpọ̀ sí i kó tó yí. Owó dínkù, gbèsè pọ̀. Ẹ sì mọ oṣù Kìíní ìlú wa yìí: nǹkan bí 16 lábẹ́ òdo ni ìpíndọ́gba rẹ̀, kì í sì í ṣe nǹkan tuntun kí òru kan wọ 30.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru òtútù. Bátìrì tó bá kún dáadáa, ásíìdì inú rẹ̀ kò ní dì àfi bí òtútù bá kọjá 50 lábẹ́ òdo. Òtútù tó tíì le jù nínú àkọsílẹ̀ Winnipeg, ti oṣù Kejìlá ọdún 1879, kò tó 48. Ṣùgbọ́n bátìrì tó ti gbófo, ásíìdì rẹ̀ ti wọ inú òjé lọ, omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù. Irú èyí lè dì ní nǹkan bí 7 sí 10 lábẹ́ òdo, òtútù tí àwọn ọmọ wa ń bọ́ fìlà ṣeré nínú rẹ̀. Omi tó bá dì á wú, ara bátìrì á là, ó parí nìyẹn. Bí kò bá tilẹ̀ dì, bátìrì tó bá pẹ́ lófìfo, nǹkan funfun kan á le mọ́ àwọn òjé inú rẹ̀ lára, kò sì ní lè kún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ebi ló ń pa bátìrì tí a fi sílẹ̀. Èyí tó bá yó, òtútù Winnipeg kò ká a.

A ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bátìrì kì í kú báyìí nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ó ń kú dáadáa. Ooru Èkó àti Ìbàdàn gan-an ń ba inú bátìrì jẹ́ ju òtútù lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nílé, bí ọkọ̀ bá kọ̀, ẹ ó pe ọmọkùnrin mẹ́rin, wọ́n á tì í, awakọ̀ á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á ju jíà sí i, ọkọ̀ á gbéra, ẹ ó fún wọn lówó omi. Àbí kí ẹ ránṣẹ́ sí rìwáyà tó wà lábẹ́ igi ní kọ́nà. Ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, irú èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa níhìn-ín, títì kò lè gbé e. Ta sì ni ẹ máa pè ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀?

Ó ṣẹlẹ̀ sí ìdílé kan láàrin wa. Wọ́n gbà kí a kọ ọ́, a kò sì ní dárúkọ wọn. Wọ́n ti Abẹ́òkúta dé nínú oṣù Kìíní, takisí ló gbé wọn láti pápákọ̀ òfurufú délé, gbogbo wọn sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara ọmọ wọn kékeré gbóná bí iná, ó ń gbọ̀n. Bàbá gbé ọmọ wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ sọ pé "kẹ́, kẹ́, kẹ́", ó dákẹ́. Ìta jẹ́ 31 lábẹ́ òdo. Wọ́n gbé ọmọ padà wọlé, wọ́n pe ọkọ̀ aláìsàn, ó dé, ibà ẹ̀fọn ni wọ́n sì bá lára ọmọ náà. Ara rẹ̀ ti yá, ó ti ń sáré kiri ní ìpàdé wa. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ sọ pé ìṣẹ́jú tí àwọn fi jókòó sínú ọkọ̀ yẹn tí ó kọ̀, àwọn kò ní gbàgbé. Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un: ọmọ tó bá ti ilé dé tí ara rẹ̀ sì gbóná, kó tó oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò pàápàá, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé Nàìjíríà ni ẹ ti ń bọ̀. Bí ọkọ̀ bá kọ̀, ẹ má dúró tì í. 911 ni kí ẹ pè.

Ó dára, kí ni ṣíṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kí bátìrì kún kí ẹ tó lọ. Mítà kékeré kò wọ́n, ó sì ń sọ òótọ́. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú, ẹ fi mítà kan orí bátìrì méjèèjì. Volt 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kún. 12.4, ó ku nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin. 12.2, ìdajì. 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí kò bá kún, ẹ fi sí ṣájà ní òru kan. Lílọ bíbọ̀ láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kò lè kún un, pàápàá bí iná, fáànù àti ìjókòó gbígbóná bá ń jẹ nígbà kan náà. Bí bátìrì náà bá ti tó ọdún márùn-ún, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì dán an wò kí ẹ tó lọ. Nǹkan funfun tó bá hù sí orí bátìrì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, ẹ fi baking soda àti omi díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ.

Ohun kejì ni kí ó má gbófo lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá ní gáréèjì tàbí ibi tí iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ ra ṣájà kékeré tí wọ́n ń pè ní battery maintainer. Kì í ṣe ṣájà àtijọ́ tó ń da iná sílẹ̀ láìdáwọ́dúró; ìyẹn lè sè omi inú bátìrì gbẹ. Èyí tí à ń wí mọ ìgbà tí bátìrì kún, á dín ọwọ́ kù fúnra rẹ̀, á máa dúró ní nǹkan bí volt 13.2 sí 13.6. Bí bátìrì yín bá jẹ́ irú AGM, a kọ ọ́ sí i lára, kí ẹ rí i pé ṣájà náà ní àyè fún un. Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Bí ṣájà yìí bá ń jẹ watt 5, fún wákàtí 1,008 tó wà nínú ọ̀sẹ̀ 6, ó jẹ́ nǹkan bí kilowatt-hour 5. Bí ọ̀kan bá jẹ́ sẹ́ńtì 10, àádọ́ta sẹ́ńtì ni gbogbo ìnáwó iná yín. Ẹ wá fi wé owó bátìrì tuntun àti owó ọkọ̀ tó máa wá wọ́ tiyín lọ, kí ẹ ṣírò ìyókù fúnra yín.

Ẹni tó ń gbé ní àpátímẹ́ǹtì, tí kò ní ibi tó máa ki plọ́ọ̀gì sí, kó já orí bátìrì tó ní àmì – kúrò. Òun ni ká kọ́kọ́ já, òun náà ni ká dá padà kẹ́yìn. Ìdí rèé: ara irin ọkọ̀ gbogbo ló so mọ́ –, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí + tí sípánà sì kan irin, iná á ta, sípánà á gbóná lọ́wọ́ yín. Ẹ fi aṣọ wé orí wáyà tí ẹ já kó má baà padà kan bátìrì. Bátìrì tó kún tí a já báyìí lè dúró fún oṣù bíi mélòó kan láìgbófo, nítorí òtútù tí à ń bú yìí gan-an ni kì í jẹ́ kó máa jò nínú ara rẹ̀ kíákíá. Ẹ rí i, ó wúlò níbì kan.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó já a, ẹ ka ìwé ọkọ̀ yín. Àwọn rédíò kan á béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, àwọn fèrèsé kan á gbàgbé ibi tí wọ́n ń dúró. Ọkọ̀ mìíràn, inú bùútù ni bátìrì rẹ̀ wà, iná ló sì ń ṣí bùútù náà. Ẹ mọ ibi tí ihò kọ́kọ́rọ́ gidi wà kí ẹ tó pa á dé. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń lo iná mànàmáná, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín o, bátìrì kékeré volt 12 wà nínú tiyín náà, ọkọ̀ kò sì ní jí bí ìyẹn bá kú.

Àwọn kan máa ń gbé bátìrì wọlé pátápátá. Kò burú, bí ẹ bá lágbára àtigbé e. Kó dúró ṣánṣán, kó jìnnà sí ẹ̀rọ amúlémóoru àti ọwọ́ ọmọdé. Ẹlòmíràn á ní ẹ má gbé e lé sìmẹ́ńtì, pé sìmẹ́ńtì á fa agbára rẹ̀ jáde. Bátìrì ayé àtijọ́ tí àpótí rẹ̀ jẹ́ igi tàbí rọ́bà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ike ni tòní, sìmẹ́ńtì kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Ohun kan tó pọ̀ láàrin wa ni pé, "Àbúrò, ẹ bá wa máa lọ tan ọkọ̀ yẹn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀." Ẹ dárí jì wá, kò wúlò. Gbígbé ẹ́ńjìnnì dìde nínú òtútù ń kó owó ńlá jáde, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìdúró kò sì tó láti san án padà. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni gbèsè á máa ga. Omi á tún máa kó jọ sínú ọ́ìlì àti sínú ẹsọ́ọ̀sì, nítorí ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó láti lé e lọ.

Èyí tó wá burú jù ni pé inú gáréèjì ni wọ́n ti ń tan òmíràn. Èéfín ọkọ̀ ní carbon monoxide nínú, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Àwa tí a ti gbọ́ nílé bí èéfín jẹnẹrétọ̀ ṣe pa odidi ìdílé mọ́jú, kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jiyàn. Àlàfo jọ́ọ́jọ́ọ́ lẹ́nu ìlẹ̀kùn kò tó. Afẹ́fẹ́ yìí á gba abẹ́ ìlẹ̀kùn gáréèjì wọ inú ilé tí àwọn ọmọ ń sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ́kọ́rọ́ tó ń tan ọkọ̀ láti òkèèrè, ẹ ṣọ́ra kí ọmọdé má fi ṣeré nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú gáréèjì. Kí ẹ̀rọ tó ń kéde carbon monoxide sì wà nínú ilé, kí bátìrì tirẹ̀ náà má kú. Bí ẹnìkan bá fẹ́ bá yín bójú tó ọkọ̀, kó wà á jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú títì, bí ìwé adójútòfò yín bá fàyè gbà á.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló tún ń ṣi block heater mú. Wáyà tó ń yọ jáde ní iwájú ọkọ̀ tí a ń ki bọ iná lálẹ́, ẹ́ńjìnnì ló ń mú gbóná, kì í ṣájì bátìrì. Andrew Freeman, ará Grand Forks ní North Dakota, ìlú tí kò jìnnà sí wa ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ló gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú ẹ̀rọ yìí ní ọdún 1949, kí ẹ́ńjìnnì baà lè yí wẹ́rẹ́ láàárọ̀. Ó ń dín gbèsè kù fún bátìrì, kò fi kọ́bọ̀ kan sínú àpò. Kò sí ìdí láti ki í bọ iná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ kò sí nílé. Òru tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa lo ọkọ̀ ni, wákàtí bíi mẹ́ta sí mẹ́rin sì ti tó.

Bí ẹ bá wá dé tí ọkọ̀ kọ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo bátìrì náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá wú, tó bá là, tàbí tí ẹ bá fura pé ó ti dì, ẹ má fi wáyà sí i, ẹ má ṣájì rẹ̀. Ó lè bú gbàmù, ásíìdì á sì ta sójú. Bí kò bá dì, wáyà pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ fi mọ́ orí + bátìrì tó kú, kí ẹ fi ìdí kejì mọ́ orí + bátìrì tó dára. Wáyà dúdú, orí – bátìrì tó dára. Ìdí kejì rẹ̀, irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà, tó jìnnà díẹ̀ sí bátìrì tó kú. Ẹ má fi èyí tó kẹ́yìn yẹn mọ́ bátìrì gan-an, torí hydrogen ń jáde lára rẹ̀, iná kékeré tó bá ta níbẹ̀ lè gbà á. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ní ojú ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wáyà yìí. Ìwé ọkọ̀ á fi hàn yín. Kí àwọn ọmọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ọkọ̀ bá gbéra, ẹ fi bátìrì sí ṣájà lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí iṣẹ́ alternator ni láti san gbèsè kékeré padà, kì í ṣe láti kún àpò tó gbófo pátápátá.

Bátìrì tó bá kú tán, ẹ má gbé e sínú ìdọ̀tí. Òjé àti ásíìdì inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dà sílẹ̀, wọ́n sì ń fi òjé náà ṣe tuntun. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ló ń ka owó ìdógò mọ́ iye bátìrì tuntun, tí wọ́n á dá a padà bí ẹ bá gbé ògbólógbòó wá. Ẹ béèrè fún owó yín, ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tí kò ní mítà lè yá tiwa lẹ́yìn ìpàdé oṣù yìí. Kó ṣáà dá a padà kí ẹni tó kàn tó lọ sílé.